Afárá Pákó Ilé Geesje

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹta, 1617. Haarlem

Aeltje ìyàwó mi ti lọ sí Hoorn lọ́jọ́ Ẹtì, àbúrò rẹ̀ bímọ. Ó mú Hilleke ọmọ wa dání. Ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Kò sí ìyàwó tí mo lè ráhùn sí létí, ni mo fi fa ìwé yìí yọ.

Obìnrin kan wá síbi iṣẹ́ mi lónìí. Mo gbọ́ bàtà onígi rẹ̀ lórí pákó ilẹ̀ kí n tó rí ojú rẹ̀. Geesje lorúkọ rẹ̀, opó ni, ó ń sin màlúù mẹ́rin lábúlé tó wà nítòsí òkìtì yanrìn. Opó Bàtà-Igi ni mo ti sọ ọ́ nínú ọkàn mi. Ó tẹ́ bébà kan sórí tábìlì mi, bébà tó ń rùn fún èéfín àti ọtí. Mo wò ó. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni! Ọ̀kan nínú àwòrán oko méjìlá tí mo yà, tí mo gbẹ́ sára bàbà, tí àna mi tẹ̀ jáde lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn. Ilé kan, abà, igi mẹ́ta, kòtò omi, afárá pákó kékeré lórí kòtò náà, obìnrin kan tó fi ọ̀pá gbé garawa wàrà méjì kọ́ èjìká tó ń gorí afárá bọ̀. Ó ní ara ògiri ilé ọtí abúlé àwọn lòun ti yọ ọ́.

"Ọ̀gá Ayàwòrán, ilé mi nìyí."

Mo ní ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀.

"Kò sí 'ó lè jẹ́' níbẹ̀. Ilé mi ni. Kòtò mi nìyí. Afárá mi nìyí."

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ rèé, bí mo ṣe gbọ́ ọ. Òdìkejì kòtò ni pápá màlúù rẹ̀ wà. Sybrant kan ra ilẹ̀ etí kòtò náà lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Nígbà òtútù tó kọjá yìí, Sybrant yọ pákó náà, ó ní kò sí afárá níbẹ̀ kí òun tó dé, pé ojú ọ̀nà tí opó náà fọwọ́ ara rẹ̀ là ni. Ní báyìí orí bèbè gíga tó dá omi dúró ló ń gbà yípo, wákàtí kan ní lílọ, wákàtí kan ní bíbọ̀, pẹ̀lú garawa. Bí ooru bá dé, wàrà á ti kan kó tó délé. Bí ẹjọ́ bá dá òun lẹ́bi, á ta àwọn màlúù, á lọ máa fọ ìkòkò fún ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin. Bó ṣe sọ ti ìyàwó ẹ̀gbọ́n yẹn, mo mọ̀ pé ikú sàn fún un.

Àwọn adájọ́ abúlé ní kó mú ohun tó fi hàn pé afárá ti wà ṣáájú Sybrant wá. Ó fi ìka kan orí bébà náà, níbi tí àna mi kọ ọ́ sí gàdàgbà: OJÚ LÓ RÍ I, ỌWỌ́ LÓ YÀ Á. "Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ síbẹ̀. Ẹ wá gbé ìka méjì sókè búra lọ́gbọ̀njọ́ oṣù yìí, kí ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn."

Mo ní màá wá. Kí ni ǹ bá sọ? Ó lọ tán ni mo tó bi ara mi pé: Lubbert, ṣé o rí afárá yẹn?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ keje

Ilé, mo rántí. Igi, mo rántí. Ajá tó fẹ́ bù mí jẹ, mo rántí. Afárá – òfìfo.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹsàn-án

Mo tú gbogbo ilé. Mo ń wá ohun tí mo kọ́kọ́ yà lọ́jọ́ náà. Òmùgọ̀ ni mí: wàláà ni mo máa ń mú lọ sóko nígbà yẹn, wàláà tí wọ́n fi eérú egungun kùn, tí a ń fi kànrìnkàn tútù nù ní ìrọ̀lẹ́ kó lè gba iṣẹ́ ọ̀la. Ẹlẹ́rìí mi kan ṣoṣo, èmi fúnra mi ni mo nù ún.

Kí n sọ òótọ́ fún bébà, nítorí bébà kì í ṣe adájọ́. Bí a ṣe ń ṣiṣẹ́ yìí, gbogbo wa ni. A lọ sóko, a yà á. A padà wálé, igun kan ṣófo bí ẹnu tí eyín rẹ̀ ti ká. A gbé kànga abúlé kan wá, a gbé kẹ̀kẹ́ ẹrù abúlé míràn wá, a tò ó síbẹ̀, ó gún. Kò sẹ́ni tó ń pè é nírọ́. Ilé náà, ojú rí i. Kànga náà, ojú rí i. Pé wọn ò rí ara wọn rí láyé, ta ni ìyẹn dùn?

Ó ti wá ń dun ẹnìkan báyìí.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹwàá

Mo fẹsẹ̀ rìn dé abúlé náà, bébà lọ́wọ́. Afẹ́fẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ gba fìlà mi lọ. Mo wá abà lápá òsì, mo wá a títí, mi ò rí i. Apá ọ̀tún ló wà. Ìgbà náà ni mo rántí pé ohun tí a bá gbẹ́ sára bàbà, òdì ló ń jáde sórí bébà, òsì á di ọ̀tún. Èmi tí mo fọwọ́ ara mi gbẹ́ ẹ! Àwọn pẹ́pẹ́yẹ rí mi níbi tí mo ti ń yí bébà po, wọ́n ń pariwo bí ẹni ń fi mí ṣẹ̀sín.

Mo wá rí ibi tí mo dúró sí. Ilé, igi mẹ́ta, ṣóńṣó ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn, gbogbo rẹ̀ pé. Àfi ilé ẹyẹlé tó wà lẹ́yìn abà nínú bébà. Mo wò ó yíká. Kò sí. Bóyá ó ti wó.

Geesje wà lórí bèbè lọ́ọ̀ọ́kán, ó ń bọ̀ láti pápá pẹ̀lú garawa rẹ̀, ó kéré bí kòkòrò. Mo jẹ búrẹ́dì dúdú mi tán, mo jẹ wàràkàṣì, mo tún jẹ áàpù, kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Ojú ọ̀pá ti ya èjìká rẹ̀.

Mo bi í pé ìgbà wo ni ilé ẹyẹlé wó. Ó ní, "Ẹyẹlé wo? A ò sin ẹyẹlé rí."

Ọ̀nà Overveen! Ibẹ̀ ni mo ti gbé e wá. Bí mo bá lè gbé odindi ilé ẹyẹlé, kí ni pákó kan?

Etí kòtò ò sọ nǹkan kan fún mi. Sybrant ti fi ṣọ́bìrì gé e dán lọ́tùn-ún lósì.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejìlá

Ìwàásù lórí òfin mẹ́wàá. Ó gùn. Ó dé orí ìbúra èké, mo sì ń wo bàtà mi.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàlá

Sybrant fúnra rẹ̀ wá. Mo ti múra ìjà sílẹ̀. Ọkùnrin gbàǹgbà, ohùn jẹ́jẹ́, ó ṣí fìlà, ó nu ẹsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Mi ò fẹ́ràn kí ẹni tí mo fẹ́ kórìíra máa nu ẹsẹ̀.

Ó tẹ́ bébà tirẹ̀, ó ti lọ rà á. "Ọ̀gá Lubbert, ẹ fojú wò ó. Ilẹ̀kùn ilé Geesje wà lápá òsì níbí. Apá ọ̀tún ló wà láyé."

Mo ṣàlàyé bàbà àti bébà fún un. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ mi méjì lé ara wọn, kó lè rí i.

Ó mi orí. "Ó yé mi. Ilé ẹyẹlé ńkọ́?"

Mo ya àtẹ́lẹwọ́ mi kúrò lára ara wọn.

"Ẹ yí ayé sódì, ẹ kó ẹyẹlé wá láti ibi tí Ọlọ́run nìkan mọ̀, ẹ wá fẹ́ gbé ìka sókè lórí pákó kan. Ẹ̀rù ń bà mí fún yín ni, kì í ṣe fún ara mi."

Mo bi í pé nígbà tó ra ilẹ̀, ṣé pákó wà níbẹ̀ àbí kò sí. Ó ní, "Ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi pé ọ̀nà ẹnìkan gba ibẹ̀." Ó dé fìlà rẹ̀, ó rọra pa ilẹ̀kùn dé. Ó ti lọ tán kí n tó kíyè sí i pé kò dáhùn ohun tí mo bi í. Ṣùgbọ́n èmi náà ò dáhùn tirẹ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Ọpẹ́ o, tàbí ègbé o, mi ò mọ èwo. Mo rántí pé lẹ́yìn wàláà, mo yà á sórí bébà dáadáa lóko níbẹ̀ pẹ̀lú tàdáwà kí n tó gbẹ́ ẹ, bébà náà sì wà lọ́wọ́ Wouter apọntí, ẹni tó ń kó àwòrán jọ bí ẹlòmíràn ṣe ń kó aṣọ jọ. Mo lọ bá a. Ó fún mi lọ́tí, ó fi ogójì àwòrán tí mi ò béèrè hàn mí, ó wá kan tèmi.

Mo gbé e lọ sójú fèrèsé. Ìwo màlúù ni mo fi ń gbé tàdáwà lọ sóko nígbà yẹn, mo máa ń bu omi là á. Ó ti ṣá báyìí, ó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ilé, abà, igi, gbogbo rẹ̀ pọ́n bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tàdáwà ilé mi ki, ó dúdú títí di òní. Ilé ẹyẹlé dúdú. Afárá dúdú. Obìnrin náà dúdú, garawa rẹ̀ méjèèjì dúdú.

Ilé ni mo ti yà á, lórí àga mi, bóyá pẹ̀lú ẹja oníyọ̀ lẹ́nu. Ó parí. Mi ò rí afárá kankan.

Wouter ní, "Ojú rẹ fà ro. Ṣé àwòrán náà ò dára mọ́ ni?" Mo ní ó dára. Ó dára ju bó ṣe yẹ lọ.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìdínlógún

Mo sọ fún àna mi, Pouwels, pé màá sọ òótọ́ níwájú àwọn adájọ́: àtinúdá ni afárá náà. Òní-ló-yá ni mo ń pè é, nítorí kò sí ohun tó lè dúró dọ̀la lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó fò dìde lórí àga.

"Àtinúdá? Lubbert, ṣé o fẹ́ pa mí ni? Kí ló wà lára ìwé yẹn? Ojú ló rí i! Ìdí tí wọ́n fi ń rà á nìyẹn! Bí o bá sọ pé orí rẹ lo ti mú un jáde, àwọn èèyàn á ní ewúrẹ́ inú àwòrán yòókù náà ńkọ́? Ọkọ̀ ojú omi ńkọ́?"

Mo ní ọkọ̀ ojú omi náà, orí mi ni mo ti mú un jáde.

Ó di etí. Nígbà tó yá ó jókòó, ojú rẹ̀ tún mọ́lẹ̀. Ó ní bí mo bá lọ búra pé mo rí i, tí ẹjọ́ sì dáa, òun á tún ìwé náà tẹ̀, gbogbo abúlé á fẹ́ ra àwòrán tó jẹ́jọ́. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Mo ní kó lọ sílé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlélógún

Mo lọ sọ ọ́ fún Geesje lójú ara rẹ̀. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ iwájú àwọn adájọ́ ni yóò ti gbọ́. Ó ń po wàrà di bọ́tà, kò dáwọ́ dúró. Mo ṣàlàyé tàdáwà méjèèjì, èyí tó pọ́n, èyí tó dúdú. Mo retí ẹkún. Mo retí èpè. Ó kàn bi mí pé:

"Ohun tó wà lórí bébà yẹn ò tíì yí padà, àbí?"

Mo ní rárá.

"Ó dáa. Ẹ ṣáà wá."

Mo fi gbogbo ọ̀nà wálé rò ó. Ṣé kò yé e ni, àbí èmi ni kò yé?

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Àjíǹde. Mo nìkan jẹ ẹyin mẹ́fà.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Aeltje dé! Ọkọ̀ ọ̀sán ló bá wọlé. Hilleke ti ga sí i. Mi ò jẹ́ kí ó tú ẹrù kí n tó da gbogbo ọ̀rọ̀ sílẹ̀: opó, afárá, Sybrant, ẹyẹlé, tàdáwà. Mo ní ọ̀la ni màá lọ sọ pé mi ò rí i. Mo ń retí kó yìn mí.

Ó fọwọ́ kọ́ ìbàdí. "Bàbá Hilleke, ṣé orí rẹ pé? Òjò ọjọ́ yẹn ńkọ́?"

Òjò wo?

Ó ní lọ́jọ́ náà òjò lé mi wálé. Mo ki bébà bọ inú ẹ̀wù, ó lẹ̀ mọ́ mi níkùn, òun lòun rọra ṣí i, tí òun sá a sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná láàárín ìtẹ́dìí Hilleke. Ó ní mo ń pariwo kí ẹnikẹ́ni má bá mi sọ̀rọ̀ kí n má baà gbàgbé, mo sì ń tún un sọ bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ rán níṣẹ́: "Pákó, obìnrin, garawa méjì. Pákó, obìnrin, garawa méjì." Bébà gbẹ, mo sì jókòó, mo yà wọ́n sí i.

"Nígbà náà, dúdú tó dúdú yẹn kò ní kó má jẹ́ òótọ́. O rí i lóko, o yà á nílé. Tàdáwà lo gbà gbọ́, o ò gba ìyàwó rẹ gbọ́?"

Mo bi í pé ṣé ó dá a lójú pé àwòrán yìí gan-an ni, torí méjìlá ni wọ́n. Ó ní èwo ló tún ní afárá nínú? Mo ní mẹ́ta. Ó ní èyí tó ní garawa. Mo ní méjì. Inú bí i.

"Ìgbà wo lo rántí nǹkan rí? Ta ló gbàgbé ọmọ sílé oníbúrẹ́dì?"

Èmi ni. Òótọ́ ni. Orí mi ti dàrú pátápátá. Mo mọ̀ pé mi ò rí i, ìyàwó mi mọ̀ pé mo rí i, tàdáwà ò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni mọ́.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ ọgbọ̀n

Yàrá ẹ̀yìn ilé ọtí abúlé ni wọ́n ti jókòó, ọkùnrin méje, wọ́n wọ dúdú. Àyè ibi tí wọ́n ti yọ bébà wà lára ògiri, ó funfun láàárín èéfín. Sybrant níhìn-ín, Geesje lọ́hùn-ún. Ó ti fọ bàtà onígi rẹ̀ mọ́ tónítóní.

Nǹkan tí mo fẹ́ sọ ti wà létè mi: ẹ̀yin àgbà, èmi ò rántí, ìyàwó mi ló rántí, ẹ bá mi rò ó. Ohun tó tọ́ nìyẹn. Mo ti kọ́ ọ sórí ní gbogbo ọ̀nà.

Àgbà wọn yọ ìkòkò tábà lẹ́nu. Kò bi mí ní bébà, kò bi mí ní tàdáwà, kò bi mí ní ẹyẹlé. Ó ní kí n gbé ìka méjì sókè. "Ayàwòrán, ṣé ojú rẹ rí afárá pákó lórí kòtò yìí nígbà tí o yà á? Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́."

Mo wo Geesje. Kò wo mí. Ó ń wo èjìká ara rẹ̀, ó ń fi àtàǹpàkò tẹ ibi tó ti ya.

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Mo rí i."

Sybrant ní, "Ilé ẹyẹlé ńkọ́?" Wọ́n ní kó dákẹ́, kì í ṣe ẹyẹlé ló pe ẹjọ́. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kó dá pákó padà sípò rẹ̀ kí ọjọ́ Àbámẹ́ta tó wọ̀. 

Mo mu ọtí ife méjì lójú ẹsẹ̀. Bóyá òótọ́ ni mo sọ. Aeltje sọ pé òótọ́ ni.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹrin

Mo lọ wò ó. Mi ò lè jókòó sílé.

Sybrant ń kan pákó náà mọ́lẹ̀ nígbà tí mo dé. Kò kí mi, ṣùgbọ́n ó kàn án dáadáa, kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tó ń bínú. Ó gbé òòlù rẹ̀, ó lọ. Geesje mú mi wọlé, ó fún mi ní búrẹ́dì àti wàrà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pò, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sọ̀rọ̀ fàlàlà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa gbọ́ ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe ti ẹjọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó ń sọ ti ọkọ rẹ̀ tó kú lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, bó ṣe fẹ́ràn àwòrán tó wà nílé ọtí yẹn tó.

"Ọdún tó ṣáájú ikú rẹ̀ ló fà mí lọ síbẹ̀. Ó ní, 'Geesje, wá wo ilé wa lára ògiri! Ẹni tó ya èyí gbọ́n jù wá lọ. Wo ibi tó fi afárá sí. Báwo ni kò ṣe wá sí wa lọ́kàn látọjọ́ yìí?' Ọ̀sẹ̀ kejì ló gé igi, ó la pákó, ó gbé e síbẹ̀. Ibi tó wà nínú bébà gẹ́lẹ́."

Mo gbé búrẹ́dì sílẹ̀. Mo bi í pé kí ló wà níbẹ̀ nígbà náà, lọ́dún tí mo wá yà á.

"Omi."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi? Kí ló dé tí o ò sọ fún wọn?"

Ó wò mí bí ẹni ń wo ọmọdé. "Ta ló bi mí? Wọ́n bi mí bóyá afárá wà kí Sybrant tó dé. Ó wà. Ọdún méjì gbáko ló lò níbẹ̀ kó tó dé. Mo sọ fún wọn, wọ́n ní ẹnu opó ò tó, kí n mú bébà wá. Mo bá mú bébà wá fún wọn."

Àkókò fífún wàrà tó. Ó gbé ọ̀pá kọ́ èjìká, ó so garawa méjèèjì, ó jáde. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó gorí pákó, ó kọjá, kò tilẹ̀ wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó bọ́ sí pápá láàárín àwọn màlúù rẹ̀.

Nígbà tí mo délé, Aeltje bi mí bóyá wọ́n ti gbé pákó náà padà. Mo ní wọ́n ti gbé e. Ó ní, "Ṣé o rí i? Mo sọ fún ọ."

Mo ní, "O sọ fún mi."